Táyé Kò Tíì Dé, Kẹ́hìndé Ti Ṣílẹ̀kùn

Ní ìgbà kẹrin, omi dà sí Fáderera nítan. Ó tutù ju yìnyín lọ. Ó gba abẹ́ ìró wọlé, ó dé ibi tí ọwọ́ tútù kò tíì kàn láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti fi ayé sílẹ̀, ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sì fò sókè bí ọmọge tí ìjàlọ bù jẹ.

"Yéè! Láníhùn, wá wò mí, mo ti tọ̀ sára!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń rín in. Láníhùn, igbákejì rẹ̀ ní Ilé Ìkọ́, kò tilẹ̀ wo ìró tó tutù náà. Ojú rẹ̀ wà lára àpótí gíláàsì tó wà lórí tábìlì, àpótí tí gígùn rẹ̀ kò ju ti pósí ọmọdé lọ, tí wọ́n fi ń dán ìkọ́ wò. Gbogbo ìlú Odi-Omi ló wà nínú rẹ̀ ní kékeré: odi, ilẹ̀kùn omi mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju èékánná lọ, àti ilé oníke kéékèèké tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ odi. Omi iyọ̀ wà ní apá kan, ilẹ̀ gbígbẹ wà ní apá kejì. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ilẹ̀kùn kẹta ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, òkun ti bo ilé gbogbo mọ́lẹ̀, ó sì ti kún kọjá etí àpótí.

Ẹ̀rín Fáderera bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni kọ̀ǹpútà wí?"

Láníhùn yí ojú ẹ̀rọ náà sí i. Iná tó wà níbẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbúre. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: GBOGBO ÌDÌ TI DI KÍKỌ́. ÀṢÌṢE: KÒ SÍ.

"Ó ní kò sí àṣìṣe, Màmá."

"Kò sí àṣìṣe, gbogbo ilé sì ti rì."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ tí a kọ́ gbogbo ìdì pọ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ẹ̀yin náà wà níbí."

"Mo wà níbí. Òǹtẹ̀ ńkọ́?"

Bí ìkọ́ kan bá ti parí, ẹ̀rọ a lu òǹtẹ̀ kan mọ́ ọn. Bí ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Láníhùn fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì bára mu. Ti ẹ̀kẹta yàtọ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀kẹrin yìí..." Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò.

"Ata kan náà, iyọ̀ kan náà, ìkòkò kan náà," ni Fáderera wí, ó ń fún omi kúrò létí ìró. "A sè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní adùn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì pa ará ilé."

Orí odi gan-an ni Ilé Ìkọ́ wà. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀, òkun ń bẹ ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ìlú ń bẹ ní ọwọ́ ọ̀tún, òkun ló sì ga jù. Àlejò kì í gbà á gbọ́ àfi bí ó bá gun odi wò ó: omi lókè, òrùlé nísàlẹ̀ bí ẹyin tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ kànga. Ìdí nìyí tí ará Odi-Omi kì í fi kí ẹnikẹ́ni pé ẹ káàárọ̀. "Ẹ kú odi" ni wọ́n ń wí. "Odi á dúró" ni èsì rẹ̀.

Odi kì í sì í dá dúró. Ó ní ọpọlọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, kí omi òjò lè ṣàn jáde, tó sì ń tì wọ́n nígbà tí òkun bá padà bọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń nu ọpọlọ yìí nù, tí wọ́n sì ń tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, láti ìgbà tí ẹnìkan ti fi ìdì olè pamọ́ sínú ti àtijọ́. Ẹgbàajì ìdì ọgbọ́n, àṣẹ tí ènìyàn kọ fún ẹ̀rọ, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kọ́ wọn, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko; àwòrán kékeré rẹ̀ tó wà nínú àpótí gíláàsì nìkan ni wọ́n lè kọ́ láàárín wákàtí kan. Títí tí ọpọlọ yóò fi jí, ọwọ́ ènìyàn ló ń yí kẹ̀kẹ́ irin tí ń ti ilẹ̀kùn.

Ìjẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ti ọdún yìí nù, àná ni wọ́n sì nù ún tán. Ní àárọ̀ yìí ni àwọn awòjú-ọ̀run ránṣẹ́ pé òkun ńlá kò ní í dúró de ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó kù ọjọ́ mẹ́ta.

"Màmá," ni Láníhùn wí, ó fa àga sún mọ́ ọn. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ni, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé yìí. Bí a bá ń kọ́ ìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń hanrun. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́rìndínlógún, ṣé yóò ní kí ọ̀kan ṣoṣo máa kọ ebè, kí àwọn yòókù máa wò ó lẹ́nu?"

"Bó bá jẹ́ ebè ni, n ò ní bá ọ jà, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé ńkọ́? Ẹni tó ń kan òrùlé ò lè dé kí ẹni tó ń mọ ògiri tó dé. Orí ta ni yóò kàn án lé?"

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ìwé mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan lára. Ó ti wà níbẹ̀: ẹni báyìí ni mò ń dúró dè. Kọ̀ǹpútà á kà á, kò sì ní í kọ́ ẹni tó ń dúró títí ẹni tó ń dúró dè yóò fi dé. Àwọn tí kò dúró de ẹnìkankan, kí wọ́n jọ máa lọ. Kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, a ti parí."

"Bí ìwé náà bá pé."

Láníhùn wo àpótí gíláàsì. Ilé oníke kan ti já kúrò nídìí, ó ń fò lójú omi, ó dorí kodò.

"Bí ìwé náà bá pé," ló gbà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn kẹta?"

Láníhùn tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta. "Ìdì kan tí wọ́n ń pè ní Kẹ́hìndé. Òun ló ń ṣí gbogbo wọn, ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló sì ń kọ́kọ́ ṣí. Ó ti pẹ́ gan-an. Ogójì ọdún ó lé."

Fáderera na ọwọ́, ó fa ojú ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó sì tẹ gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́mú dáadáa. Ó ka ìwé tó wà lára Kẹ́hìndé. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó kà á tán, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kan bú jáde látinú ikùn rẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́, tó ń mi ọyàn àti ìdí pọ̀.

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi Fáderera yìí, nígbà tí mo ṣì ní ìbàdí tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ kọsẹ̀. Orí mi wú nígbà náà ju ìdí mi lọ, ìwọ náà sì rí bí ìdí mi ṣe rí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ń jáde lọ wọn bí òkun ti ga tó. Mo sọ ọ́ ní Táyé, torí òun ló ń lọ tọ́ ayé wò. Èkejì dúró sínú ilé, ó ń retí ohun tí Táyé yóò wí kó tó ṣílẹ̀kùn. Kẹ́hìndé nìyẹn. Mo ní, ha, Fáderera, o gbọ́n! Gbogbo Ilé Ìkọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Níbo wá ni..."

"Ka ohun tí mo kọ síbẹ̀."

Láníhùn kà á sókè. "Orúkọ: Kẹ́hìndé. Iṣẹ́: ṣíṣí ilẹ̀kùn. Ipò: ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ó ń dúró dè..." Ó gbé ojú sókè. "Òfìfo ni."

"Òfìfo ni. Mo kọ ọ́ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Mi ò kọ ọ́ pé Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde. Láníhùn, ta ni yóò kọ ìyẹn sílẹ̀? Ọmọ ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìgbà tí mo ń to orúkọ wọn sínú àkójọ, mo kọ Táyé sókè, mo kọ Kẹ́hìndé sísàlẹ̀, bí ẹnu ṣe ń pè é. O ti gbọ́ kí ẹnìkan pe Kẹ́hìndé-Táyé rí?"

"Rárá."

"Nítorí náà, fún ogójì ọdún, kọ̀ǹpútà ń ti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ń kọ́ Táyé tán, ó ń bọ́ sórí Kẹ́hìndé. Gbogbo ayé ń sùn. Kì í ṣe ọgbọ́n mi ló ń ṣọ́ ìlú yìí. Ẹnu àṣà lásán ni."

Láníhùn ti lóye rẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti ń yí padà. "Bí a bá wá ní kí gbogbo wọn jọ máa lọ..."

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá ni yóò ṣáájú. Nígbà mìíràn Táyé. Nígbà mìíràn Kẹ́hìndé. Bí Kẹ́hìndé bá dé tí kò bá Táyé, kò ní í ké. Yóò na ọwọ́ síbi tó yẹ kí èsì Táyé wà, yóò bá òfìfo níbẹ̀, yóò sì kà á sí òdo." Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn èékánná tó ṣí sílẹ̀ nínú àpótí. "Òdo, ìyẹn ni pé kò sí òkun níta. Ó wá ṣílẹ̀kùn."

Ẹnu ọ̀nà dún gbì. Agboòrùn kan tí ń dá fò ti forí sọ àtẹ́rígbà, ó padà sẹ́yìn, ó tún forí sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni Olóyè Ọmọ́ladùn, Alága Ìgbìmọ̀ Omi, gbà wọlé, ó fi àga tì í mọ́ ìta bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó rẹwà, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ẹ kú odi, Màmá."

"Odi á dúró, Olóyè. Ẹ má jókòó sórí ìyẹn, ó tutù."

Olóyè kò jókòó rárá. Ó gbé wàláà dúdú kan kalẹ̀ níwájú Fáderera. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ:

LÁTI ÒNÍ LỌ, GBOGBO ÌDÌ NI A Ó MÁA KỌ́ PỌ̀. ÌDÌ TÍ KÒ BÁ FẸ́ BẸ́Ẹ̀, KÍ Ó WÍ.

Lábẹ́ rẹ̀ ni àyè àtàǹpàkò wà. Òfin ni pé kò sí ìkọ́ kan tó lè bẹ̀rẹ̀ láìsí àtàǹpàkò Olórí Akọ́lé, Fáderera sì ni Olórí Akọ́lé.

"Kí ó wí?" ni Fáderera bi í. "Ṣé ìdì ní ẹnu ni?"

"Kí ẹni tó kọ ọ́ so òwú pupa mọ́ ọn lára. Bí òwú pupa bá wà, a ó kọ́ ọ ní òun nìkan. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé ó gbà."

"Olóyè, ìdajì àwọn tó kọ wọ́n ti kú."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Màmá. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa."

"Àwa la kọ́ yín, òótọ́ ni. A ò mọ̀ pé ẹ ó fi rì wá." Ó ti àpótí gíláàsì sí iwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó."

Olóyè wò ó. Láníhùn ló ṣe àlàyé fún un, ní gbólóhùn méjì, láìfi nǹkankan pamọ́. Olóyè gbọ́ ọ tán, èémí rẹ̀ sì padà sí ipò.

"Ẹ ti wá rí i nìyẹn. Ẹ so òwú pupa mọ́ àwọn ìbejì yín, kí ẹ sì tẹ ìka."

"Méjì yìí ni mo mọ̀, torí èmi ni mo bí wọn. Àwọn tí mi ò bí ńkọ́? Ẹgbàajì ni wọ́n, Olóyè. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ ni. Mélòó ló kù níbẹ̀? Ẹni tó kọ ìdì kan, tó mọ̀ pé a kì í bu omi kí a tó fọ agbè, ṣé yóò kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ bi wọ́n. Wọ́n wà ní ibojì."

"A lè dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Láníhùn wí. "Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí..."

"Ẹni tó ń sọ òkò sọ́jà, bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò ba ènìyàn, ṣé ọjà ló ṣófo? Ìwọ fúnra rẹ rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dára."

Láníhùn dìde. Ó rìn lọ sí fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó kọjú sí ìlú, ó sì bá a sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín tán, Màmá, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í pa ènìyàn. Ní èṣí, nígbà tí à ń kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn méjì tó wà nídìí kẹ̀kẹ́ kejì sùn lọ. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ogún ilé ló lọ. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ kẹta já, ó sì gé apá Bàbá Olúmúyìwá bọ́ sínú omi lójú mi. Ìgbì kékeré nìyẹn. Òkun ńlá ló ń bọ̀ yìí. Ta ni yóò dì í mú?"

Gbogbo wọn ló mọ ẹni náà. Òfin Odi-Omi ni pé ẹni tó bá kọ́ ọpọlọ odi, ará ilé rẹ̀ ni yóò wà nídìí kẹ̀kẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá títí ọpọlọ yóò fi jí, kí akọ́lé má baà fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Fáderera bí. Àdùnmádé ni orúkọ rẹ̀, ìjẹta ló sì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí kẹ̀kẹ́ kẹta.

Olóyè rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ló burú jù.

"Màmá, mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ ìka yìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ó ti padà délé. Ẹ ó jọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn tó."

Fáderera wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó sanra, ó ní àpá ọ̀bẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rò ó pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ tí nǹkankan kò sì ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bí òun bá tẹ̀ ẹ́ tí ilẹ̀kùn sì ṣí, kò ní í sí ẹni tó kù tí yóò bi òun. Ọ̀nà méjèèjì ló mọ́ fún òun. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Láníhùn. Ìdì mélòó ló fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, tàbí tó fọwọ́ kan ohun tó fọwọ́ kàn án?"

Ó kà á. "Irínwó, ó lé díẹ̀."

"Bí a bá kọ́ àwọn yẹn nìkan lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sísàlẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é, tí a fi iná ìgboro àti omi ẹ̀rọ àti gbogbo ìyókù sílẹ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ló wúwo jù."

"Òkun ńlá sì kù ọjọ́ mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọjọ́ kan ló já sí."

"Ọjọ́ kan pẹ̀lú òkun ńlá," ni Láníhùn wí. "Ẹ má pè é ní ọjọ́ kan bí ẹni pé ọjọ́ Àìkú ni."

Fáderera fa wàláà náà mọ́ra. Ó fi ìka pa ìlà méjèèjì rẹ́, Olóyè sì ké, "Màmá!" Ìyá àgbà kò gbọ́. Ó ń kọ̀wé díẹ̀díẹ̀, torí ìka rẹ̀ kò ṣe gírí mọ́, ó sì ń ka ohun tó ń kọ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

"Láti òní lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó máa kọ́ gbogbo ìdì. Èyí tí alààyè kan bá ti jókòó tì, tó kà á láti orí dé ìdí, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ búra fún un, kí a so òwú funfun mọ́ ọn, kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pọ̀. Ìdì tí kò bá wí nǹkankan..." Ó dúró, ó mí. "Ìdì tí kò bá wí nǹkankan, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn. Wàláà náà gbóná lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì dún tíín.

Olóyè kà á tán.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Mo mọ ẹni tí mo ṣe é sí."

"Ìgbìmọ̀ lè yọ yín."

"Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ọjọ́ méje kó tó yọ mí. Òkun kò ní í dúró de ìjókòó yín."

"N ó kéde rẹ̀ fún ìlú. N ó sọ fún wọn pé ọ̀nà wà tí ọpọlọ fi lè jí lọ́la, ẹ̀yin lẹ sì kọ̀ ọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá pa ẹnikẹ́ni, orúkọ yín ni wọn yóò fi sunkún."

"Ẹ kéde rẹ̀. Ẹ pè é kó dún ketekete. Fáderera ọmọ Ajíṣefínní, kí wọ́n má fi mí pe ẹlòmíràn."

Olóyè gbé wàláà rẹ̀. Agboòrùn tó wà níta dìde bí ajá tó gbóòórùn olówó rẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ lórí odi, òjìji rẹ̀ sì ń fò kọjá lórí òrùlé ìlú.

Láníhùn ṣì dúró sí fèrèsé.

"Ìyàwó mi wà nídìí kẹ̀kẹ́ kìíní," ló wí. "Ẹ ò bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fáderera lára. Lóòótọ́ ni kò bi í.

"Mi ò bi ọ́," ló wí. "Mo ro ti ọmọ mi, mo gbàgbé pé àwọn mìíràn ní ará ilé. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi."

"N ó bú yín lọ́jọ́ karùn-ún, bí mo bá ráyè." Ó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ mẹ́rìndínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù dákẹ́, wọ́n kọ ojú dúdú sí wọn. Ọ̀rọ̀ kan hàn: ÌDÌ KÌÍNÍ NÍNÚ IRÍNWÓ.

"Jókòó tì í," ni Fáderera wí. "Mò ń sọ̀ kalẹ̀."

Àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún ló wà nínú odi, orúnkún Fáderera sì ka gbogbo wọn fún un. Ní àádọ́ta àkọ́kọ́, ó ń bá orúnkún náà ṣẹ̀fẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún, ó sọ fún un pé kó ṣojú fún òun lónìí, lọ́la kó máa lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ògiri ń làágùn. Bí ènìyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó ni òkun ń gòkè tó lẹ́yìn ògiri náà, a sì ń gbọ́ ọ, kì í ṣe ní etí, eyín ni a fi ń gbọ́ ọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá, iná kan ṣoṣo ló ń tàn. Kẹ̀kẹ́ kẹta ga ju ènìyàn méjì lọ. Àdùnmádé jókòó sídìí rẹ̀, ó ti fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyẹn ni pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àga ẹnì kejì rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ kú odi, Màámi. Kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹsẹ̀ yín!"

"Odi á dúró. Ẹnì kejì rẹ ńkọ́?"

"Èjìká rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń wá ẹlòmíràn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, eyín rẹ̀ funfun nínú òkùnkùn. "Wọ́n ní àwọn ará òkè ti rí ọgbọ́n kan. Wọ́n ní ọpọlọ yóò jí lọ́la."

Fáderera rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kò ní í jí lọ́la. Ọjọ́ mẹ́rin ni."

Àdùnmádé kà á nínú ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i bí ó ṣe ń kà á. Ó rí ibi tí iye náà parí sí.

"Òkun ńlá á ti dé."

"Á ti dé. Ọjọ́ kan."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Èmi."

Àdùnmádé wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi àkísà dì. Ẹ̀jẹ̀ ti rin àkísà náà ní ibi méjì. Omi ń kán láti òkè, ó ń kán sórí irin, Fáderera sì ń ka ìkán rẹ̀ títí ó fi di mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Mi ò lè mọ̀ ọ́n bí o kò bá sọ ọ́. Bú mi, ṣépè fún mi, ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀."

"Inú ń bí mi," ni Àdùnmádé wí. "Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo sì mọ̀ pé ẹ ti wò ó kí ẹ tó ṣe é. Gbogbo rẹ̀ ni." Ó sún sí ẹ̀gbẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí àga òfìfo. "Ẹ bọ́ òrùka yín. Irin yìí á gé ìka bọ́ nítorí òrùka."

Fáderera bọ́ òrùka. Kò rọrùn, torí ìka náà ti hù yí i ká láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ó fi itọ́ sí i, ó fà á, ó tún fà á, ó fi sẹ́nu, ó sì tẹ́ ìdí rẹ̀ sórí àga tí wọ́n ṣe fún ènìyàn tí ara rẹ̀ kéré sí tirẹ̀. Ó di irin mú. Irin náà ń gbọ̀n, ó sì tutù débi pé ó dà bí ohun gbígbóná.

"Ẹ máà fà á kí n tó fà á," ni Àdùnmádé wí. "Ẹ máà tẹ̀ lé mi lẹ́yìn náà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú, yóò ta padà, yóò sì kan ẹnì kejì láyà. Ká jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà."

"Báwo ni n ó ṣe mọ ìgbà?"

"Ẹ máa gbọ́ èémí mi. Bí mo bá mí síta, ká fà."

Wọ́n dúró. Fáderera tẹ́ etí sílẹ̀ bí kò ti tẹ́ ẹ rí láti ìgbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọwọ́, tí òun ń dìde lóru láti gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Èémí wọlé. Èémí jáde. Wọ́n fà á, kẹ̀kẹ́ náà sì kígbe, ó yí eyín kan.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin, nǹkankan kàn án gbọ̀ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò tó mọ̀ pé ènìyàn wà nílé. Ó dúró. Ó tún kàn án.

"Òkun ti tètè bẹ̀rẹ̀," ni Àdùnmádé wí.

"Tún mí," ni ìyá rẹ̀ wí, òrùka sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mò ń gbọ́ ọ."